Òṣùpá Ara Ògiri Pálọ̀ Màmá

Òwúrọ̀ ni Màmá máa ń ya òru. Ẹni tó bá ti mọ èyí nípa ìyá tó bí ìyá mi, ó ti mọ̀ wọ́n dé ìdajì. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n ti gbàdúrà, tí wọ́n sì ti mu ògì wọn láìfi ṣúgà sí i, wọ́n á ṣí fèrèsé pálọ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á fi gèlè àtijọ́ kan wé orí, wọ́n á wá fa àga wọn sí iwájú ògiri. Ògiri náà fúnra rẹ̀ ni àwòrán. Wọn ò gbé e kọ́ o, ara ògiri gan-an ni wọ́n ya á sí, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn títí dé ẹ̀yìn àga onítìmùtìmù: òkè ńlá kan, ọ̀nà tó gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá, igi ìrókò kan, òrùlé páànù díẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú òru olóṣùpá. Ọ̀dà olóróró ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tó máa ń wà nínú rọ́bà bíi ọṣẹ ìfọyín, tí èèyàn á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìdímù ni ilé náà wà. Bàbá àgbà ló kọ́ ọ kí wọ́n tó kú. Tíṣà tó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ni Màmá ní ilé-ìwé girama kan lọ́nà Akówọnjó, títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, gbogbo ọdún tí wọ́n sì lò l'Ékòó, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà, kí n tó gba yàrá tèmi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tí ẹbí ní kí ẹnì kan kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú yí sí.

Mo tètè ní láti sọ ọ́ kí ẹni tó ń ka èyí má lọ rò pé ọmọ dáadáa ló ń kọ̀wé. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun bo ògiri yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí à ń tún ilé ṣe de ìsìnkú wọn. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Wọ́n ní "Kò burú, Àdùkẹ́, ògiri ni, èèyàn ló ṣe pàtàkì." Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Màmá nìkan ló lè bá mi wí bó ṣe yẹ, wọn ò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n mọ̀ ọ́n wí, ẹ jọ̀ọ́. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n á wò ọ́, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wàá sá sí. Lọ́jọ́ kan mo ra agolo ọ̀dà dúdú kan fún wọn ní Ìkòtún. Ṣebí òru ni wọ́n ń yà? Mo gbé e fún wọn tayọ̀tayọ̀. Wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n súre fún mi, lọ́jọ́ kejì wọ́n pe ẹnì kan wá, wọ́n ní kó fi kun géètì. Inú bí mi. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé. Wọ́n fún ọ̀dà aláwọ̀ búlúù díẹ̀ sórí pátákó tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, wọ́n fún àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n pò ó, ó sì di òkùnkùn níṣojú mi, òkùnkùn tó jinlẹ̀ ju ti inú agolo mi lọ. Wọ́n ní, "Òkùnkùn ní àwọ̀, Àdùkẹ́. Ojú wa ló ń kánjú."

Ojú tèmi ń kánjú, ká má parọ́. Láti kékeré ni. Ọ̀dà olóróró kì í yára gbẹ bí ọ̀dà tí wọ́n ń kun ilé. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ á gba ọjọ́ mélòó kan, ibi tó bá nípọn lè gba oṣù mélòó kan. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé òkè rẹ̀ á dì, á máa dán bí ẹni pé ó ti gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti tẹ̀ ẹ́ láti wò ó, tí wọ́n sì ní láti tún ibẹ̀ yà. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo àwa ọmọ ilé yẹn: "Má fọwọ́ kàn án, kò tíì gbẹ."

Ó wá di pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń lò ó fún. Nígbà tí èmi àti ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ tú ká, tí mo gbẹ́rù mi padà sí Ìdímù, ìyá mi dé, ó fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀: kí ló sọ, kí ni mo sọ, ta ló jẹ̀bi. Èmi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá wà ní kíṣìnì, wọ́n ń gé ilá. Mo gbọ́ tí ọ̀bẹ dúró. Wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, fi í sílẹ̀. Kò tíì gbẹ." Ìyá mi sì jáde kúrò níbẹ̀. Mo sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tù mí lára.

Ṣùgbọ́n wọ́n lè jà o! Àwọn obìnrin ìjọ wá kí wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo ògiri, ọ̀kan wá ní, "Màmá, ẹ ò ṣe kúkú ya ọ̀sán? Òru ni àkókò tí ọ̀tá ń ṣiṣẹ́." Màmá yọ gíláàsì. Ó ti tán. Wọ́n ní, "Arábìnrin, ta ló dá òru? Ṣé ọ̀tá náà ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, arábìnrin náà sì rí i pé ó yẹ kí òun máa lọ.

Ìjà wọn pẹ̀lú ọkùnrin tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì ló dùn mí jù, nítorí ohun tí mo ṣe. Ọkùnrin náà gbé iná ńlá kan sórí ògiri rẹ̀ nítorí olè, iná náà sì tàn wọ inú àgbàlá wa bí ẹni pé pápá bọ́ọ̀lù ni. Màmá lọ bá a. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iná yín ń bo òṣùpá mi." Ọkùnrin náà rò pé orí wọn ti ń dàrú. Ó rí mi lójú títì, ó ní kí n máa mójú tó màmá wa dáadáa. Dípò kí n gbèjà wọn, mo ní, "Ẹ má bínú sà, ọjọ́ orí ni." Ẹnì kan bá mi ròyìn rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo wọlé, wọn ò yọ gíláàsì. Wọ́n ní, "O bá mi bẹ̀ ẹ́? Kí ni mo ṣẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ òṣùpá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Gbogbo àwòrán náà ti parí tipẹ́. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá wà lórí páànù, ó wà lára ìrókò, ó wà lójú ọ̀nà. Òṣùpá fúnra rẹ̀ ni kò sí. Wọ́n á ya á, wọ́n á máa wò ó bí wọ́n bá ń jẹun, bí wọ́n bá ń gbọ́ rédíò, tó bá yá wọ́n á dìde, wọ́n á fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu fá a kúrò. Mo bá wọn níbẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n ń fá a. Mo ní, "Ah ah! Màmá, èyí dáa ṣá!" Wọ́n ní, "Kì í ṣe òṣùpá, gílóòbù ni." Ìdí rẹ̀ ni pé gílóòbù ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Bí kò bá jẹ́ iná ọkùnrin ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, á jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, á jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe ti ń pòórá mọ́ wọn lójú.

Ni wọ́n bá bẹ̀ mí. Màmá kì í bẹ èèyàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí ìlú wọn ní Èkìtì nígbà tí òṣùpá bá kún, alẹ́ kan péré, kí wọ́n jókòó síwájú ilé bàbá wọn, kí wọ́n wò ó. Mo ní, "Màmá, ó di oṣù tó ń bọ̀." Oṣù tó ń bọ̀ dé, mo ní wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Oṣù mìíràn dé, mo ní ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni, ọ̀nà ò dáa. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn kan náà ni mo wọ mọ́tò lọ sí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ní Adó-Èkìtì, mo jó, mo ya fọ́tò, mo sì gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé rí mi. Ìyá mi fi han Màmá láìmọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé, Màmá gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní, "Mo dúpẹ́ pé ọ̀nà ti dáa."

Ẹ̀yìn oúnjẹ yẹn ni wọ́n sọ ìtàn ọ̀nà ara ògiri náà fún mi, wọn ò sọ ọ́ rí. Ìyá wọn ló sìn wọ́n gba ọ̀nà yẹn nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé àwọn olùkọ́ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, nítorí lọ́ọ̀rì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òṣùpá sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rí ilà ojú ìyá wọn. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ ní Kérésì. Kérésì dé, àwọn ọ̀rẹ́ ní kí wọ́n wá síbòmíràn, wọ́n sì lọ síbòmíràn. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ìyá náà ti kú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ìtàn náà bá mi wí. Mo lejú koko, mo ní, "Màmá, mo ti ní mo máa mú yín lọ." Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò bá ọ wí. Mò ń sọ ohun tí mò ń yà fún ọ ni."

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo rí wọn kẹ́yìn. Mo gbé àwọn nǹkan tí mo rà fún wọn wọlé, mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù, mo sì ń tẹ fóònù mi. Màmá wé gèlè tuntun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, o ò rí nǹkan kan?" Mo gbójú sókè, mo wò wọ́n, mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Gèlè yìí mà yẹ yín o, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní kí n wá jẹun. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n sùn tí wọn ò jí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Tí àgbà bá kú, kí òkú tó wọlé, ilé gbọ́dọ̀ funfun. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní àlejò ò lè wá bá wa nínú ilé tó rí ṣákálá. Èmi ni wọ́n fi sí ìdí iṣẹ́ náà. Mo pe Múfú, pẹ́ńtà kan ní Ìdímù, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kun inú ilé, ìta ni mo wà, èmi àti ẹni tó fẹ́ gbé àga àti kánópì wá ń bára wa fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Múfú yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rólà lọ́wọ́. Ó ní, "Antí, ṣé ògiri tí nǹkan wà lára rẹ̀ yẹn náà ni?" N ò tilẹ̀ wò ó. Mo na àtàǹpàkò sókè sí i, bí a ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá dáa, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ó tún ní, "Gbogbo rẹ̀, Antí?" Mo tún na àtàǹpàkò sí i.

Nígbà tí mo wọlé, pálọ̀ ti mọ́lẹ̀ bí ilé ìwòsàn. Mo pariwo. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé sáré wọlé, wọ́n kọjú sí Múfú, wọ́n fẹ́ bá a jà, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, èmi ni. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Kúkú nu ojú rẹ, àwọn ará ìjọ ti ń bọ̀." A sin Màmá. Mo gbé ẹ̀yìn mi ti ògiri náà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kọrin. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, wọ́n ń sọ ọ́, mo sì ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn tó báyìí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyá Fàrúùkù, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ọjọ́ orí wa ò jura lọ, ló pè mí lórí fóònù pé ògiri pálọ̀ ń bó. Mo sáré lọ. Lóòótọ́, ọ̀dà funfun náà ti wú sókè lápá ibi òkè, ó ti là, mo sì rí òkùnkùn Màmá lábẹ́ rẹ̀. Mo pe Múfú. Ó wá, ó fọwọ́ lù ú, ó ní ọ̀dà olómi kì í di ọ̀dà olóróró mú bí wọn ò bá kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á, òun ò sì ha á.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò ha á?"

Ó ní, "Antí, ọwọ́ mi ò gbà á."

Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, òun lápá kan, èmi lápá kejì. Òkè jáde. Ìrókò jáde. Páànù tí òṣùpá ń tàn sí jáde, láìsí ohun tó ṣe é. Ọ̀dà funfun náà ń ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo ń sọ pé "Màmá, ẹ wò ó, ẹ wò ó." Ìyá Fàrúùkù dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń pàtẹ́wọ́. A dé ibi òṣùpá. Mo mọ̀ pé òfìfo ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fá sílẹ̀, nítorí náà mi ò fara balẹ̀. Mo fi èékánná ha á, mo sì fà á.

Ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wo ògiri, òfìfo ni lóòótọ́. Mo ti fẹ́ jù ú sílẹ̀ nígbà tí Múfú kígbe, "Antí, ẹ̀yìn rẹ̀!" Mo yí i padà. Òṣùpá wà níbẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà funfun, ó sì bá a kúrò lára ògiri. Kò funfun. Ó ní àwọ̀ inú àgbàdo tútù, ó nípọn, búlúù díẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Kì í ṣe gílóòbù rárá.

Mo ní, "Ta ló ya èyí?"

Múfú ní, "Ó wà níbẹ̀ kí n tó kun ún. Ìyẹn ni mo ṣe bi yín lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá Fàrúùkù wọlé, ó wò ó. Ó ní, "Ṣé Màmá ò fi hàn yín ni? Nígbà tí tiransifọ́mà bàjẹ́, tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, wọ́n bẹ̀ mí ní ìrọ̀lẹ́ pé kí n pa jẹnẹrétọ̀ mi, kí n sì lọ bá wọn bẹ ọkùnrin ẹ̀yìn fẹ́ǹsì kó pa tiẹ̀. Mo lọ, ó sì pa á. Ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé àga fún wọn sí àgbàlá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo òkè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ya á. Mo ní kí n pè yín, wọ́n ní rárá, ẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé náà. Ẹ̀yìn mi ló wà. Mo kàn ní láti yíjú ni.

Múfú ní a lè wá ọgbọ́n dá sí i, pé a lè fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ní kó fún mi sáà díẹ̀. Mo di òṣùpá náà mú jẹ́jẹ́, mo fẹ́ kàn gbé e sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ti dì, mo rò pé ó ti gbẹ. Àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀.